Bí a ṣe ń sọ ẹlẹ́ṣin inú páálí di ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́: láti orí gígé títí dé orí kíkùn

Ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti tábìlì mi láti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ère jagunjagun wẹ́wẹ́, torí pé ara ẹni tó gùn ún ni ojú gbogbo wọn máa ń wà. Wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ojú àti aṣọ ẹlẹ́ṣin, wọ́n á wá fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo kun ẹṣin ní àwọ̀ igi, ó parí. Tí wọ́n bá wá gbé ère náà kalẹ̀, ẹṣin tó gba àyè jù lójú ẹni tó ń wò ó ló máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ti ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró: láti 1726 tí ẹṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Dàhòmì nígbà ayé Agaja ọba wọn, títí dé nǹkan bíi 1836 tí ìlú náà tú. Mo yàn án torí pé ọkàn mi wà níbẹ̀. Mo sì yàn án torí pé iṣẹ́ gígé, lílẹ̀ àti mímọ gbogbo ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rìnlá ló wà nínú àpótí mi báyìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jáde bó ṣe rí yẹn láti inú páálí, ìyẹn páálí tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara ère sí kí ẹni tó rà á lè lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ìwọ̀n àti ẹṣin tó yẹ

Ère mìlímítà 28 ni mò ń lò, ìyẹn ère tí ènìyàn tó dúró ga tó nǹkan bíi mìlímítà 28. Ní ìwọ̀n yìí, mìlímítà kan lára ère dúró fún mìlímítà 56 lójú ayé. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí òun la ó máa fi wọn ohun gbogbo títí iṣẹ́ á fi parí.

Láti òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, láti ọ̀dọ̀ àwọn Tápà àti àwọn Haúsá. Ẹṣin ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ga bíi ti Yúróòpù. Tí a bá ní kí èjìká ẹṣin kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 135 sílẹ̀, mìlímítà 24 nìyẹn lára ère. Ẹṣin ogun Yúróòpù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 155 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 28. Mìlímítà mẹ́rin yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí, àmọ́ ẹ gbé ẹṣin méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ wò ó. Lórí ti Yúróòpù, ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin á dúró ní àárín ikùn ẹṣin. Lórí tiwa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjá ìsàlẹ̀ ikùn, ẹni náà á sì dà bí ẹni tó gba gbogbo ẹṣin náà sọ́wọ́. Ìrísí tí a ń wá nìyẹn. Nítorí náà, ẹ mú rúlà dání kí ẹ tó ra ohunkóhun, tàbí kí ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ.

Páálí ẹlẹ́ṣin Arab aláìníhámọ́ra, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Gripping Beast ń ṣe ní ike, dára fún ẹṣin àti fún ìjókòó. Páálí Ansar, àwọn jagunjagun Mahdi ilẹ̀ Sudan, ti ilé iṣẹ́ Perry Miniatures ni mo máa ń wá orí àti apá sí, torí pé apá tó mú ọ̀kọ̀ àti idà dání pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jagun nínú páálí yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Láti ìbàdí sókè nìkan la nílò.

Ẹ má fi ọ̀pó àti ère onígi wọn ẹṣin o. Mo fẹ́ kí ẹ wò wọ́n dáadáa: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní nǹkan bíi 1938, gbẹ́ ọ̀pó tí jagunjagun gun ẹṣin lórí rẹ̀, ọ̀kan sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń di ìjánu, bí gàárì ṣe ga níwájú àti lẹ́yìn, bí ọwọ́ ṣe ń di ọ̀kọ̀ mú. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére máa ń jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin tóbi ju ẹṣin lọ láti fi bí ipò rẹ̀ ṣe ga tó hàn. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n yẹn sórí ère tiwa á rí i pé ọkùnrin náà gun ewúrẹ́.

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ rèé, kódà lára ère tí wọ́n tà lówó iyebíye. Ẹ wo àwòrán àtijọ́ tí ẹṣin ti ń sáré: ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nà síwájú, ti ẹ̀yìn nà sẹ́yìn, ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kò sí ẹṣin tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Ní 1878, ní Palo Alto ní California, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà lẹ́sẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà, ó sì ya gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwòrán rẹ̀ fi hàn ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kúrò nílẹ̀ nínú àsápajúdé, abẹ́ ikùn ni gbogbo wọn ká jọ sí, wọn kì í nà jáde.

Kí lèyí já sí fún ẹni tó ní réésà lọ́wọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀. Ẹṣin tó ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta máa ń kan ilẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹṣin tó ń sáré pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì ló jọ ń lọ, kí àwọn méjì yòókù tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin tó ń sáré àsápajúdé, ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ sábẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo nà kan ilẹ̀. Tí ẹṣin inú páálí yín bá na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi tábìlì tó dojú dé, ẹ gé e.

Bí mo ṣe ń gé e nìyí. Mo máa ń fi ayùn tín-ín-rín gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún, n kì í fi réésà tẹ̀ ẹ́, torí pé réésà máa ń fún ike pọ̀ tí ojú ibẹ̀ á sì wọ́. Mo fi díríìlì ọwọ́ lu ihò mìlímítà 0.8 sí ojú méjèèjì, mo ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́, mo tẹ wáyà náà sí ibi tí mo ń fẹ́, kí n tó fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́. Àlàfo tó bá kù, Green Stuff, ohun mímọ bí amọ̀ tó máa ń le tó bá yá, la fi ń dí i: aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n jọ ń wá, ẹ ó pò wọ́n pọ̀ títí wọn á fi di àwọ̀ ewé kan náà. Ẹ tọ́ omi sí ọwọ́ àti sí irinṣẹ́ kó má baà lẹ̀ mọ́ yín. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fún yín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ lè fi fáìlì tàbí sáńdípépà dán an. Tó bá jẹ́ ère onírin ni, ẹ bo imú yín nígbà tí ẹ bá ń fi fáìlì rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, pàápàá ère àtijọ́ tí òjé wà nínú rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọrùn. Tí ẹṣin mẹ́fà bá kọjú síwájú bákan náà, ẹgbẹ́ ológun á dà bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ gé ọrùn méjì nínú mẹ́fà, ẹ yí ọ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ sì jẹ́ kí èkejì gbé orí sókè bí ẹni tó ń já ìjánu. Àwọn tó kọ̀wé nípa ogun Dàhòmì sọ pé ìró ìbọn máa ń dẹ́rù ba ẹṣin Ọ̀yọ́, tí wọn ò ní fẹ́ sún mọ́ ọ. Mo ní ère kan tó dúró lórí ìyẹn: ẹṣin ti fà sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ihò imú rẹ̀ sì là. Etí nìkan ni mo mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gé ti tẹ́lẹ̀ kúrò, mo fi Green Stuff tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ṣe méjì mìíràn tó dojú kọ ẹ̀yìn. Etí ló ń sọ ohun tó wà nínú ẹṣin.

Gàárì àti ìjánu

Gàárì tiwa ga níwájú, ó sì ga lẹ́yìn. Èyí tó wà nínú páálí Arab fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Mo kàn máa ń fi Green Stuff gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní mìlímítà kan sí méjì. Ẹní gàárì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ kó sì bo ìbàdí ẹṣin.

Ìjánu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwú ṣe. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú máa ń ní irun, tí ẹ bá kùn ún tán, irun yẹn á dìde. Pépà ni mo ń lò: mo gé e ní fífẹ̀ mìlímítà 0.7, mo rì í bọ inú gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò tí mo ti bu omi sí, mo fi ẹ̀mú gbé e láti ẹnu ẹṣin dé ọwọ́ ẹlẹ́ṣin, mo sì jẹ́ kó sorọ̀ díẹ̀ ní àárín. Tó bá gbẹ, ó ti di awọ. Ẹyọ pépà kan náà ni mo fi ń ṣe awọ tó so irin ìtẹsẹ̀ mọ́ gàárì.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun kan tí kò sí lára ère ẹlòmíràn: ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé nígbà ayé Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, wọ́n a máa so ewé tó fẹ̀ mọ́ ìrù ẹṣin àwọn tó wà lẹ́yìn ogun, kí ó lè máa gbá ipasẹ̀ wọn rẹ́ nílẹ̀. Ẹ gé pépà bí ewé, kó gùn tó mìlímítà mẹ́fà, ẹ fi èékánná fa ìlà sí àárín rẹ̀, ẹ di mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ìdí ìrù, kí àwọn tó gùn jù máa wọ́ ilẹ̀.

Ẹni tó gùn ún àti aṣọ rẹ̀

Ẹ fi ẹlẹ́ṣin sórí ẹṣin kí ẹ tó mọ aṣọ sí i lára, ẹ fi abẹ́rẹ́ kan gbé e dúró, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́. Ẹ wò bóyá ìdí rẹ̀ wọ inú gàárì. Tí àlàfo bá wà láàárín itan rẹ̀ àti ẹṣin, ẹ rẹ́ itan náà nínú títí tí yóò fi wọlé. Ẹlẹ́ṣin tó léfòó lórí gàárì kì í ṣeé wò.

Tí ẹ bá lè dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá fún Ọjúde Ọba, ẹ lọ. Kì í ṣe fún àwọ̀ aṣọ wọn, torí pé àwọ̀ òde òní ni. Ẹ lọ wo bí agbádá ṣe ń hùwà lórí ẹṣin. Nígbà tí ẹni náà bá jókòó, iwájú agbádá á ká jọ sórí itan, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ sórí ìdí ẹṣin bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹní, apá aṣọ á sì dì jọ sórí èjìká kí ọwọ́ lè ráyè. Mo dúró níbẹ̀ lọ́dún kan, mo kàn ń ya ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́ṣin ní fọ́tò. Àwọn ènìyàn rò pé mi ò mọ fọ́tò yà.

Láti ṣe é: ẹ tẹ́ Green Stuff pẹrẹsẹ lórí ike tí ẹ ti fi omi ra, kó tín-ín-rín bíi páálí ìṣáná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 kó le díẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá fi orí ìtayín tó ti kú tẹ ibi tí aṣọ ti ká jọ. Ibi méjì péré ni aṣọ ti ń ká jọ: ibi tí wọ́n ti fà á, bíi abẹ́ apá, àti ibi tó kó jọ sí, bíi orí itan. Ibòmíràn, ẹ jẹ́ kó dán. Ẹni tó fi ìlà kún gbogbo ara aṣọ, aṣọ rẹ̀ á dà bí igi tí wọ́n gbẹ́.

Tí kò bá sí Green Stuff nítòsí, tíṣù tí ẹ rì sínú gúlù funfun àti omi á ṣe é. Ó rọrùn, ó sì máa ń ká dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka díẹ̀. Mo máa ń lò ó fún ẹní gàárì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wọ agbádá o. Olóyè ni ẹ lè wọ̀ ọ́ fún. Fún àwọn tó kù, ẹ̀wù péńpé àti ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tó fẹ̀ nítan tó sì fún lọ́rùn ẹsẹ̀. Orí ṣíṣí, fìlà abetí ajá, tàbí láwàní tó kéré. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Tírà àti oǹdè kò gbọ́dọ̀ wọ́n: ẹ gé Green Stuff tó ti le sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, ẹ lẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ àyà àti apá. Àdó wẹ́wẹ́ náà, ẹ yí i bí hóró àgbàdo kékeré, ẹ so ó mọ́ ìbàdí. Ẹ so díẹ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin pẹ̀lú.

Ọ̀dà àkọ́kùn

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ère, kó gbẹ. Mo máa ń fọ́n dúdú sí gbogbo rẹ̀, kí n tún fọ́n funfun díẹ̀ láti òkè nìkan, bí ìgbà tí oòrùn bá wà lókè orí. Ibi tí funfun bá dé, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà. Ibi tó bá ṣì dúdú, òjìji ni. Ẹ fọ́n ọn ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, torí pé ọ̀dà á ti gbẹ lójú ọ̀nà kó tó dé ara ère, ojú ère á sì rí bíi sáńdípépà.

Ẹ kun ẹṣin lọ́tọ̀, ẹ kun ẹlẹ́ṣin lọ́tọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìdí ẹlẹ́ṣin, ẹ fi abẹ́rẹ́ náà sínú ìdérí ìgò, òun lẹ ó máa dì mú.

Kíkun ẹṣin

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹṣin pupa tí ìrù àti gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúdú, torí òun ló wọ́pọ̀, òun náà ló sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ jù. Ọ̀dà olóròóró ni mò ń lò fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà olómi aláwọ̀ pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn kun gbogbo ara rẹ̀, kó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ kọfí, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní burnt umber, ẹ fi ra gbogbo ara ẹṣin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ wá mú kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ tó mọ́, ẹ máa nù ún kúrò: èjìká, ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tó ga á padà di pupa, ibi tó jìn á gba dúdú dúró, láàárín wọn á sì yọ́ mọ́ra bí irun ẹṣin gan-an. Kò sí bí ọwọ́ mi ṣe lè fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é kó dára tó bẹ́ẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé kì í tètè gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta tó. Nígbà òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ sì bò ó kí eruku má lẹ̀ mọ́ ọn.

Tó bá gbẹ, ẹ kun gọ̀gọ̀, ìrù, orí etí, àti ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ ní dúdú tí ẹ ti po àwọ̀ kọfí díẹ̀ mọ́. Ní ibi tí dúdú ti pàdé pupa, ẹ má fa ìlà. Ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó tọ́ ọ ní tó-tò-tó kó máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan tàbí méjì funfun nísàlẹ̀, ẹ rántí pátákò: abẹ́ ẹsẹ̀ funfun, pátákò máa ń mọ́ bí èékánná; abẹ́ ẹsẹ̀ dúdú, pátákò máa ń dúdú. Ẹyinjú ẹṣin, dúdú ni gbogbo rẹ̀, ẹ má kun funfun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rù á dà bí ohun tó ń bà á nígbà gbogbo. Ẹ fi ìkán funfun kan ṣoṣo tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sí òkè ẹyinjú, ó ti yè nìyẹn.

Ẹṣin funfun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí ní dúdú tàbí pupa, tí irun wọn wá ń funfun bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Awọ abẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú. Nítorí náà imú, ẹnu àti àyíká ojú gbọ́dọ̀ dúdú bí eérú tútù, orúnkún náà á sì dúdú díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ eérú, ẹ máa mú un funfun lọ sókè, kí funfun gidi má sì bọ́ sí ju ibi mẹ́ta lọ.

Awọ ènìyàn àti aṣọ òfì

Fún awọ dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ kọfí tó jinlẹ̀, ẹ gbé e sókè pẹ̀lú pupa bí obì, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú pupa yẹn tí ẹ po àwọ̀ ọsàn díẹ̀ mọ́: iwájú orí, orí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjìká, ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ má po funfun mọ́ ọn láéláé. Funfun ló máa ń jẹ́ kí ère wa funfun háú bí ẹni tó wẹ̀ nínú ọyẹ́ tí kò fi nǹkan para. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ère adúláwọ̀ tí ẹni tó kùn ún fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí ara kọ́là àti bọ́tìnnì, tó wá kun awọ ara ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Awọ ara wa ní pupa, ó ní ìyeyè, ó ní búlúù níbi òjìji. Ẹ wo ọwọ́ ara yín lábẹ́ fìtílà.

Aṣọ òfì ló kàn. Ojú òfì kan, ìyẹn ẹyọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń hun kí wọ́n tó rán wọn pọ̀, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Lára ère, kò tó mìlímítà méjì. Ìrán-aṣọ tó so wọ́n pọ̀ máa ń ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Lára agbádá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, torí náà tí ẹlẹ́ṣin bá na apá, ìlà yẹn máa dábùú apá rẹ̀ ni, kì í bá apá lọ. Ohun kékeré yìí ló máa jẹ́ kí ẹni tó mọ aṣọ gbà pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹtù: ẹ kun búlúù tó ṣú dẹ́dẹ́, bí aró tí wọ́n rẹ léraléra. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó mú ṣọnṣọ fa ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, méjì nínú ojú òfì kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀dà ṣàn bí omi wàrà. Tó bá ki, ìlà á já. Ẹ fa á lọ sísàlẹ̀ láìgbé ọwọ́, ẹ sì tẹ̀ lé bí aṣọ ṣe ká, kí ìlà sọnù sínú kòtò kó tún yọ lódì kejì. Sányán rọrùn: àwọ̀ iyanrìn, pẹ̀lú òjìji àwọ̀ kọfí fẹ́ẹ́rẹ́. Àlàárì pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ díẹ̀, owó ńlá ni ó sì jẹ́ nígbà náà torí pé láti òkè aṣálẹ̀ Sàhárà ni sílíìkì pupa rẹ̀ ti ń wá. Olóyè kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ ni kó wọ̀ ọ́. Àwọn yòókù, ẹ fún wọn ní òwú tí wọn kò rẹ láró, tí kì í funfun bíi pépà, bí egungun ló ṣe rí. Ẹ má ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ sí wọn lára. Ó dára lójú, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, lórí aṣọ òyìnbó, ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbilẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro nígbà yẹn.

Tírà, awọ pupa tàbí kọfí. Gàárì, bákan náà, pẹ̀lú ìlà ìyeyè ní etí. Irin, ẹ kun dúdú kí ẹ tó fi fàdákà kan ẹnu rẹ̀.

Ilẹ̀ tó dúró lé, àti fáníìṣì

Inú igbó dídí, eṣinṣin tsetse ló ń pa ẹṣin, ìdí nìyẹn tí agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bíi 1840, ó ti hàn pé ẹṣin kì í ṣe ọba níbi gbogbo. Nítorí náà, ilẹ̀ ọ̀dàn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe: gúlù funfun, iyanrìn tí ẹ ti jọ̀, ọ̀dà pupa bíi ti ilẹ̀ wa, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó ní àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ gbá orí rẹ̀. Koríko, kó gbẹ, kó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Ẹ gbá pupa yẹn díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹṣin àti sí ìsàlẹ̀ ìrù, kí ẹṣin lè jẹ́ ti ilẹ̀ tó dúró lé.

Fáníìṣì tí kì í dán ni kẹ́yìn. Mo ba ère mẹ́ta jẹ́ lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje torí pé mo fọ́n ọn nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá: afẹ́fẹ́ kún fún omi, fáníìṣì sì di funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí wọn lórí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ra fáníìṣì tó ń dán lé e, funfun yẹn pòórá, mo wá dúró di ọjọ́ tí oòrùn ràn kí n tó fọ́n èyí tí kì í dán padà. Nígbà òjò báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń fi ra á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kọ̀ ni mo máa ń lẹ̀ gbẹ̀yìn, torí òun ló ń kọ́kọ́ kán. Wáyà idẹ tó gùn tó mìlímítà 36 dúró fún ọ̀kọ̀ mítà méjì. Ẹ fi òòlù lu orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi fáìlì fún un lẹ́nu, ẹ kùn ún, ẹ ki í bọ ihò tí ẹ ti lu sí àtẹ́lẹwọ́ ẹlẹ́ṣin ṣáájú kí ẹ tó kun ẹlẹ́ṣin náà. Ìkán súpágúlù kan. Ẹ fi ìka kan dì í mú, ẹ ka dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀.